Ẹsẹ̀ Bùọ̀dá Zainudeen Nínú Kọ̀ǹpútà

"Má kí mi, Ṣàíbù. Dúró jẹ́ẹ́."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Zainudeen, bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Orí ẹ̀rọ ni mo wà, láìwọ bàtà. Oúnjẹ ni mo gbé lọ fún un ní yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́, ló bá ní kí n gun orí ẹ̀, kí òun fi mí dán an wò. Nírọ̀lẹ́, tírélà gbá kẹ̀kẹ́ Napep tó wọ̀ ní Galtimari. Lọ́jọ́ kejì, kí Alásàárì tó dé, a ti sin ín.

Bulabulin, níhà àríwá níbí, ni wọ́n bí i sí. Hausa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó máa ń sáré nígbà kan, ẹsẹ̀ òsì ló dá a dúró. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà pẹlẹbẹ, ó ń wó sínú, ó wá ba orúnkún jẹ́. Kò sẹ́ni tó tètè rí i. Ìdí tó fi fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn nìyẹn. Eléré ìdárayá á gun pátákó rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ibi tó ń tẹlẹ̀ jù á pupa. Ibi tí kò kanlẹ̀ á dúdú bí aró. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ yà sínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá ni wàhálà rẹ̀. Bó bá ti wọlé báyìí, wọ́n á fẹ́ kúnlẹ̀ kí i lórí ẹ̀rọ. Gbogbo ara á lọ sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, àwòrán á bàjẹ́.

"Ẹ má kí mi! Kọ̀ǹpútà ò mọ àgbà!"

Mai Kafa, ẹlẹ́sẹ̀, ni wọ́n ń pè é. Lateefat, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́, bi í nígbà kan: "Mai Kafa, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Irú ọkọ wo ni mo máa fẹ́?"

"Mo ti rí i. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ ló ní."

Ìṣẹ́yìn ni Ìyá wa wà nígbà tí a sin ín. Kò rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó dé, oorun kọ̀, kò kùn ún. Bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta, á ní, "Zainu, wọlé." Kò sẹ́nì kan níta. Èmi náà gbọ́ ìró yẹn.

A wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ kọ̀ǹpútà.

"Lọ gba ẹsẹ̀ ọmọ mi wá," Ìyá ní, "kí wọ́n tó pa á rẹ́."

Lateefat ṣí i fún mi. Ẹsẹ̀ méjì yọ, bíi ti ẹni tó dúró síbẹ̀. Òsì wó sínú. Mo yíjú wo pátákó. Òfìfo ni. Mo dọ̀bálẹ̀.

Lateefat tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Nílé, Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ti òsì fún ìgbà pípẹ́.

"Ẹsẹ̀ bàbá yín ni," ó ní. "Zainu ti wọlé."

Ó gbé ìwé náà sáyà, ó dùbúlẹ̀. Oorun gbé e lọ.

Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀wà tí a fẹ́ sè wà nílẹ̀. Mo da á sórí atẹ, mo ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kọjá níta. N ò gbójú sókè.