Òṣùpá Ara Ilẹ̀kùn Wa

Òórùn ṣọ́ọ̀kì kò lè ta sí mi nímú kí n má rántí ọ̀sán kan nígbà èwe mi ní Sàmárù, lókè ọya. Màláámù, olùkọ́ yunifásítì tó ń gbé nítòsí wa, wá kí bàbá mi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo já lù wọ́n: kí ló dé tí òṣùpá máa ń tẹ̀ lé mi?

Bàbá mi jágbe: "Dákẹ́! Àgbà ń sọ̀rọ̀."

"Haba, Alhaji!" ni Màláámù wí. "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Màláámù lóṣòó tì mí, babanríga wọn ń wọ́ nílẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya òṣùpá sára ilẹ̀kùn wa láti fi ṣàlàyé ohun tí mo bi wọ́n.

Màláámù padà di olórí orílẹ̀-èdè. Àmọ́ kí aráàlú tó máa gbọ́ àṣẹ wọn, bàbá mi ti ń pa á mọ́ nílé wa. Bí mo bá ti lanu, bàbá mi á ní, "Ó dáa, parí ọ̀rọ̀ rẹ."