Ọjọ́ Tí Mo Wó Afárá Òkè Ọya

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣàgámù, omi kì í ya wọ ìlú òyìnbó kankan kí n má mọ̀ sí i. Ilẹ̀ kì í mì níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú kì í gbiná, oyin kì í ya bo àwọn ènìyàn, kó má ṣojú mi. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni gbogbo rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, nínú tẹlifíṣọ̀n dúdú àti funfun tí bàbá mi gbé sí pálọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí irú rẹ̀: ó ní ilẹ̀kùn onígi, ó ní kọ́kọ́rọ́, etí ìró ìyá mi sì ni kọ́kọ́rọ́ náà ń gbé.

Obì ni bàbá mi ń tà. Òórùn obì tí a rẹ sómi ló kọ́kọ́ máa ń kí àlejò lẹ́nu ọ̀nà wa. Òfin ilé wa ni pé ẹni tí kò bá bó obì kò gbọdọ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Nítorí náà, bí Sátidé bá ti ń rọlẹ̀, gbogbo wa á jókòó yí agbọ̀n ká, a ó máa fi èékánná ṣí awọ funfun kúrò lára obì, ojú wa á sì wà lára àwòrán. Ọwọ́ wa á pọ́n bí ẹni tó fọwọ́ bu osùn. Ìyá mi á bu ìkọ́kọrẹ́ fún àwa ọmọdé sínú abọ́ kan ṣoṣo, a ó máa jà sí ẹja inú rẹ̀ láìgbé ojú kúrò lára ọkọ̀ ojú omi tó ń rì.

Kí n má purọ́, àwọn fíìmù náà kò dára. Wọn kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé sinimá. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ó sì hàn lára wọn. Bí ilé bá wó, á fò sókè bíi páálí bàtà, torí páálí ni. Mọ́tò kan náà ni omi á gbé lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Obìnrin tó ti wà lábẹ́ àlàpà láti àárọ̀ á jáde, irun rẹ̀ á ṣì dúró bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà á, ètè rẹ̀ á ṣì máa dán. Ajá kì í kú. Ọkọ àti ìyàwó tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ á dì mọ́ra kó tó parí. Kí jàǹbá tó dé rárá, wọ́n á ti sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, títí agbọ̀n obì kan á fi tán. A mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ a ń retí Sátidé bí ẹni ń retí Iléyá. Ẹ̀rù náà dùn.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, fẹ́ràn àwọn fíìmù yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì gbọ́ òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n mi tó gbọ́ ọ ti lọ ń gbé ilé ìwé. Èmi tí mo wà ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá sọ di ògbufọ̀. Òyìnbó tèmi nígbà náà kò ju kí n kí olùkọ́ lọ, kí n sì tọrọ àyè láti lọ tọ̀. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Àgbà bá ti bi mí pé, “Múìbá, kí ló wí?” n kì í sọ pé n kò mọ̀. Ògbufọ̀ tí kò mọ̀ kò ní jẹ orí ẹja. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Mo sọ ọ̀gá panápaná di àbúrò ọba ìlú. Mo ní obìnrin elétè dídán ti bú ìyá ọkọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi fi ń lé e. Àwọn obìnrin tó ń bá wa bó obì á mi orí, Ìyá Àgbà á sì ní, “Mo ti wí. Ojú rẹ̀ jọ ti alágídí.”

Ní Sátidé kan, wọ́n ṣe ti afárá. Ó gùn lórí odò ńlá kan, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wà lórí rẹ̀, okùn irin tó gbé e dúró sì ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan ń rá lórí irin kó lè gbé ọmọ kékeré kan tó há sínú mọ́tò. Ìyá Àgbà dá obì bíbó dúró.

“Múìbá, níbo lèyí?”

N kò mọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí èmi mọ̀, Òkè Ọya ló ń kó obì bàbá mi lọ. Mo ní, “Wọ́n ní ọ̀nà Òkè Ọya ni, Ìyá Àgbà.” Bí mo ti sọ ọ́ tán ni afárá wó, iná sì lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n ti di obì sínú ewé, wọ́n ti tò ó, bàbá mi sì fẹ́ bá a lọ. Ni Ìyá Àgbà bá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, ó jókòó síwájú ọkọ̀ gan-an.

“Àlàní, o ò lọ.”

“Màámi, kí ló dé?”

“Afárá ti wó. Mo fojú mi rí i. Ṣé kí n tún fojú mi rí òkú rẹ ni?”

Bàbá mi wo awakọ̀, awakọ̀ wo ilẹ̀. Obì tó bá pẹ́ nínú ọkọ̀ á gbóná, á sì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìyá rẹ̀ kúrò lọ́nà? Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní awakọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà náà dé ní ìdájí ni, kò sì sí afárá kankan tó wó. Ìyá Àgbà ní irọ́ ni awakọ̀ ń pa.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi. Awakọ̀ náà, tó máa ń mú kúlíkúlí bọ̀ fún wa láti Òkè Ọya, kò pa irọ́ kankan. Oòrùn ń gòkè. Omi ti dé ojú Ìyá Àgbà. Mo lọ kúnlẹ̀ láàárín wọn.

“Ìyá Àgbà, èmi ni mo purọ́. N kò mọ ibi tí afárá náà wà. N kò gbọ́ òyìnbó wọn.”

Bàbá mi wò mí títí. “Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí ẹ ti gbé tẹlifíṣọ̀n dé, Bàámi.”

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé, ọkọ̀ sì lọ. Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn náà, kí n dá bó odindi agbọ̀n obì kan tán. Ó tún fi tẹlifíṣọ̀n dù mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo èyí kò dùn mí tó dídákẹ́ tí Ìyá Àgbà dákẹ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wá jókòó tì mí, ó mú obì kan, ó ń bá mi bó o.

“O bà mí lẹ́rù,” ó wí.

“Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà.”

“Má pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.” Ó bó méjì, ó bó mẹ́ta. Ó wá ní, “Ọkùnrin tó ń rá lórí irin yẹn ńkọ́? Ṣé ó gbé ọmọ náà?”

“N kò mọ̀. Iná ti lọ kó tó parí.”

“Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Parí ẹ̀.”

Mo parí ẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọmọ, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ rẹ́. Ajá wọn wẹ odò já, ó gbọn omi sí ọba lára níwájú àwọn ìjòyè. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Bàbá mi padà dé láyọ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án.

Lóde òní, fíìmù jàǹbá ti dára. Bí omi wọn bá ya, ènìyàn á fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta á jókòó sórí àga kan, oníkálukú á máa wo tirẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á ti ki nǹkan bọ etí. Kò sí ẹni tó ń bi ẹnì kejì pé kí ló wí. Èmi náà ti wá gbọ́ òyìnbó, ọdún gbọọrọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ìwé. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi bá mi wá ọ̀kan jáde nínú àwọn fíìmù ìgbà yẹn. Mo rí okùn tí wọ́n fi ń fa mọ́tò. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ọkọ àti ìyàwó náà ń bá ara wọn fà: ta ni yóò mú ilé, ta ni yóò mú mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi yékéyéké, oorun sì gbé mi lọ kí omi tó ya.