Pírńtà Màmá Mi àti Ìdánwò Àlàájà

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ni ọlọ́kadà gbé páálí pírńtà náà dúró sẹ́nu ọ̀nà wa l'Ókè-Aro. Mo mọ aago náà nítorí pé láti àárọ̀ ni mo ti ń wo fóònù, tí mo ń wo ojú ọ̀nà. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń retí èsì ìdánwò tó mọ̀ pé òun ṣe dáadáa, síbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Màmá mi ni wọ́n rà á. Látìgbà tí mo ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni mo ti ń jí ní ìdájí, tí mo ń ti Àgbàdo wọkọ̀ lọ sí Èkó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n ń sọ fún mi pé àwọn máa pè mí. Wọn ò pè. Lọ́jọ́ kan màmá mi wò mí bí mo ṣe ń bọ́ bàtà, wọ́n ní, "Gbogbo ilé-ìwé tó wà ládùúgbò yìí, ṣé wọn kì í ṣe ìdánwò ni? Jókòó sílé kó o máa tẹ̀ ẹ́ fún wọn."

Ẹni tó kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́ ni Àlàájà tó ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ifọ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìbéèrè wọn tẹ́lẹ̀, ọ̀nà sì jìn. Wọ́n kó ìbéèrè fún mi nínú àpò ìwé kan, wọ́n ní àárọ̀ Mọ́ńdè ni àwọn ọmọ máa jókòó, pé àwọn fúnra àwọn á wá kó o ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. "Tó bá mọ́, tìẹ ni iṣẹ́ tàámù tó ń bọ̀ àti èyí tó bá tẹ̀lé e. Tí kò bá mọ́, kí n tètè mọ̀." Wọn ò rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí àyà mi fi ń já lórí ohun tí ẹlòmíì lè pè ní nǹkan kékeré.

Bí mo ṣe ṣí páálí ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

"Má ya ọ̀rá yẹn o! Kó lè pẹ́ ní tuntun."

"Mọ́mì, ẹ̀rọ lésà ni, ó máa ń gbóná nínú. Wọ́n ní ká yọ gbogbo ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù rẹ̀ kúrò ká tó tàn án."

"Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n wa ńkọ́? Ìgbà wo la yọ ọ̀rá tiẹ̀? Ó ti bàjẹ́?"

Mo yọ tinú. A jọ gbà pé kí ọ̀rá orí ìdérí wà níbẹ̀. Mo mi tónà, ike tí yíǹkì ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, bí ìwé tó bá a wá ṣe júwe rẹ̀, mo tì í wọlé títí ó fi dún kóó, mo so ẹ̀rọ mọ́ láptọ́ọ̀pù mi. Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ò gbé e. Bí pírńtà bá ti fẹ́ gbóná báyìí, jẹnẹrétọ̀ á kérora, gílóòbù á ṣe bàìbàì, gbogbo rẹ̀ á sì kú. Iná ìjọba la máa dúró dè nìyẹn. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, mo tẹ ojú ìwé kan wò, ó mọ́ kedere. Màmá mi gbé ìwé náà dání, wọ́n ń fi han àwọn aráalé. Mo fẹ́ sunkún, mi ò sì mọ ohun tó fẹ́ pa mí lẹ́kún.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo sáré lọ sí Àgbàdo lọ ra ìwé pélébé sí i lọ́dọ̀ ìyá kan tó máa ń ṣí ìsọ̀ lẹ́bàá ojú irin. Nígbà tí mo padà, iná ti wà, màmá mi sì ti lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè náà, mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù tí mi ò lè tẹ̀: ti Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí Alfa ilé-ìwé fi bírò kọ, tòun ti lẹ́tà Lárúbáwá. Fọ́tòkópì ni mo gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ̀rọ náà sì ń ṣe ìyẹn náà. Mo ṣí ìdérí, mo da ojú ìwé Alfa bo díńgí abẹ́ rẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ya ìwé, láìwo díńgí náà dáadáa, mo pàṣẹ iye tí mo fẹ́, mo lọ mu omi. Ìró ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dùn létí mi.

Nígbà tí mo dé ìdí rẹ̀, àgbélébùú wà láàárín gbogbo ìwé tó ti jáde. Ó rí bàìbàì, ó ṣe bí eérú, ó fẹ̀ tó ìka èèyàn, ó dábùú ìbéèrè nípa àlùwàlá.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló ti bàjẹ́, pé ìkángun ìnáwó màmá mi nìyẹn. Mo tẹ ìbéèrè Ìṣirò jáde láti inú láptọ́ọ̀pù, ó mọ́. Mo tún òmíràn tẹ̀, ó mọ́. A jẹ́ pé ibi tí ẹ̀rọ ti ń tẹ̀wé ò ní nǹkan kan. Díńgí ló ní. Mo ṣí ìdérí. Ìwé Alfa lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí mo rọra ṣí i, mo ń rí ìka mi láti òdìkejì rẹ̀. Òróró. Òróró ólífì ìyàsímímọ́, mo mọ òórùn rẹ̀ láti kékeré.

Mo pe màmá mi lórí fóònù.

"Mọ́mì, ṣé ẹ fọwọ́ kan pírńtà ni?"

"Mo fòróró sí i nígbà tó o lọ s'Ágbàdo! Mo ṣí i kó lè wọnú rẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́, àbí?"

Ohùn wọn dùn débi pé mi ò fẹ́ bà á jẹ́. "Ó ń ṣiṣẹ́, mà."

"Mo ti mọ̀!"

Mo fi òwú àti sípírítì nu díńgí, mo tún nu ún. Mo da páúdà sórí ìwé Alfa kó lè fa òróró, mo gbọ̀n ọ́n, mo fi ìwé funfun tì í lẹ́yìn. Ní gbogbo àkókò yìí mò ń tẹ́tí sí fáànù, torí bí iná bá lọ pẹ́nrẹ́n, ó tán. Ọ̀kan jáde. Ó mọ́. Mo pàṣẹ ìyókù, mi ò sì kúrò nídìí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó bàjẹ́, mo kó wọn sábẹ́ àga.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Àlàájà fi dé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n yẹ iṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mi orí. Wọ́n wá ní, "Èyí tí Alfa fọwọ́ kọ dà?"

Mo mú un fún wọn. Wọ́n gbé e sókè sí iná.

"Kí ló dà sí i?"

"Òróró ni, mà. Ọwọ́ mi ni, mo ṣèèṣì ni."

"Ọwọ́ tìẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọwọ́ tìẹ ló ṣèèṣì ya àgbélébùú?"

Wọ́n wò mí títí. "Màmá ẹ nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá tèmi náà, nígbà tí mo ra mọ́tò, wọ́n lọ gba hàǹtú wá lọ́dọ̀ Alfa, omi tí wọ́n fi fọ wàláà. Wọ́n ṣí iwájú mọ́tò, wọ́n dà á sórí ẹ́ńjìnì. Mọ́tò ò dún mọ́. Mẹkáníìkì ní ta ló wẹ̀ fún un!"

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn ti yí padà.

"Èmi lè rẹ́rìn-ín. Òbí tó bá rí i lórí ìwé ọmọ rẹ̀ ò ní rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní mo fẹ́ fi ìdánwò sọ ọmọ wọn di onígbàgbọ́. Iṣẹ́ tàámù tó ń bọ̀, tìẹ ni. Ṣùgbọ́n tí n bá tún rí irú èyí, Ifọ̀ ni mò ń gbé e padà sí. Ṣó o gbọ́?"

Mo gbọ́.

Nígbà tí màmá mi wọlé, mo sọ fún wọn pé Àlàájà gba iṣẹ́ mi wọlé, pé mo ti rí ti tàámù tó ń bọ̀. Wọ́n jó. Mi ò sọ ìyókù, torí ijó yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ látìgbà tí mo ti jáde yunifásítì. Ṣùgbọ́n lánàá wọ́n dé láti ọjà, wọ́n ní àwọn ti bá ẹgbẹ́ obìnrin sọ̀rọ̀: ẹgbẹ́ náà ń bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Fúráìdè láti wá dúpẹ́ lórí ẹ̀rọ náà. "Ti Sọ́ńdè yẹn, èmi nìkan ni mo fòróró sí i, ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ti Fúráìdè, gbogbo wa ni!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rò pé mi ò gba àdúrà gbọ́. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ fún màmá mi pé òróró wọn ló fẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, ohun tí wọ́n máa gbọ́ ni pé mò ń kọ ìyá mi. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, mo mọ ibi tí ọwọ́ gbogbo ìyá wọ̀nyẹn máa dé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́: kí n sọ fún wọn kí Fúráìdè tó pé, àbí ọ̀nà mìíràn wà tí mi ò tíì rí?