Pèrègún Ẹ̀bá Ọ̀nà Oko

Lọ́dún kejì lẹ́yìn òmìnira, nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ, àkọ́bí mi ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà dé pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ ayé tó ká bí ẹní. Ó kàn án mọ́ ògiri yàrá àlejò wa ní Ọ̀fà. Lójoojúmọ́ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọmọ ìgboro bí tirẹ̀, ń pé jọ sídìí rédíò. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé, kí wọ́n sì mú un dé etí àwọn tí kò kàwé. Bí rédíò bá dárúkọ Kóńgò, gbogbo wọn á dákẹ́ bí ẹni pé ìbátan wọn ló kú síbẹ̀.

Inú mi dùn, àyà mi sì ń já. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ nílé ìtọ́jú, mo sì mọ irú ọgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń dá sí ènìyàn lára. Ẹnìkan á wọlé, àdá ti la èjìká rẹ̀, á ní òun jábọ́ lórí ọ̀pẹ ni. Nọ́ọ̀sì kì í bi í ní ìbéèrè kejì. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín wa àti ìlú kejì tó múlé gbè wá ti wà kí n tó wọ ilé ọkọ. Nítorí rẹ̀ ni n kò fi jẹ́ kí ọmọ mi tẹ̀lé ẹnikẹ́ni lọ oko rí. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya, kò sí nílé tí ì bá fi bá mi jiyàn.

Ní Sátidé kan, wọ́n mú àdá àti pátákó pélébé-pélébé jáde. Wọ́n fẹ́ gbin igi kan fún orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀ọ̀kan tó ti gba òmìnira, kí àwọn tó ń ti oko bọ̀ lè máa rí i.

"Màmá, ẹni tí kò mọ̀ ju oko rẹ̀ lọ, báwo ni yóò ṣe bá ìjọba sọ̀rọ̀?" ni ọmọ mi wí.

"Ibo lẹ fẹ́ gbìn ín sí?"

"Ẹ̀bá ọ̀nà oko ni, Màmá. Kì í kúkú ṣe Kóńgò."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́ kí wọ́n lọ; ẹ̀bá ọ̀nà kì í ṣe inú oko.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ àgbẹ̀, yà láti oko. Kò jókòó, kò sì gba omi tí mo gbé fún un.

"Ìyàwó, ọmọ rẹ dà?"

"Ó lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Igi wo ni wọ́n gbìn?"

N kò mọ̀. Ó yọ ewé gígùn kan nínú àpò, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ewé pèrègún ni.

Pèrègún ni àwọn bàbá wa fi ń pààlà oko. Bí ó bá ti tò ní ìlà, ohun tó ń wí ni pé ibí ni tèmi dé. Igi tó ń tètè hù làwọn ọmọ yìí ń wá, wọ́n sì tò ó gbọọrọ sórí ilẹ̀ tí à ń jà sí.

"Àwọn ará ọ̀hún ti rí i," ni Bàbá wí. "Ẹni tí mò ń bu iná lọ́wọ́ rẹ̀ lóko kò kí mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní Ọ̀fà ti rán akọ̀wé wá pààlà, wọ́n tún kọ orúkọ sí i."

"Orúkọ orílẹ̀-èdè ni, Bàbá."

"Ta ló kà á fún wọn? O kó ọmọ pamọ́ sílé bí ẹyin. Ó mọ Gánà, kò mọ pèrègún!"

Mo ní kí a rán ẹnìkan lọ fà á tu kíákíá. Bàbá kọ̀.

"Ẹni tó bá fa pèrègún tí kò gbìn tu, ogun ló ń pè. Ẹni tó gbìn ín ni yóò hú u, lójú wa àti lójú wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ọmọ mi gbọ́dọ̀ lọ dúró síbẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Bàbá àgbà kan láti ìlú kejì ti jókòó sórí kùkùté, àwọn ọ̀dọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀ tàdá-tàdá. Gbogbo àgbẹ̀ ló ń mú àdá. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi nìyẹn. Wọ́n ti la pátákó àkọ́kọ́ sí méjì, wọ́n sì rọra tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àwọn ọmọ hú gbogbo rẹ̀.

"Ẹ dí ihò rẹ̀," ni bàbá náà wí. Wọ́n dí i.

Ọmọ mi wá dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé ẹgbẹ́ wọn, ó ka orílẹ̀-èdè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Kí n tó lanu, ọmọ mi ti dárúkọ bàbá rẹ̀, agbolé wa, àti kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀.

"Ó dáa," ni bàbá náà wí. "A ti mọ̀ ọ́."

Lójú ọ̀nà, ọmọ mi ń yọ̀. "Màmá, ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ sísọ ló ń yanjú nǹkan." Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kó máa lọ níwájú. Òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń wẹ̀yìn wò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti fi ọmọ sínú rélùwéè lọ bá bàbá rẹ̀. Ó rò pé mo fẹ́ kó rí ayé ni. Ó ń kọrin nígbà tí ọkọ̀ ń ṣí.

Nígbà tí ìsinmi ìparí ọdún kù díẹ̀, ó kọ̀wé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì pé òun ń bọ̀ wálé. Èmi àti Bàbá lọ wo ibẹ̀. Koríko ti bo ihò tiwa. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, lápá ọ̀dọ̀ wa, pèrègún mìíràn tí àwa kò gbìn ti tò gbọọrọ, ó ti ta gbòǹgbò. Kò sí pátákó lára ọ̀kankan.

Mo kọ̀wé sí i pé kó lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó dá èsì padà: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé? Ó ní ọmọ ẹgbẹ́ àwọn kì í fẹ́ wà nínú àìmọ̀.

Mo kọ̀wé padà pé ọyẹ́ ló mú púpọ̀ nílé lọ́dún yìí.