Tíṣà Nọ́fíù àti Gàárì Tí Kò Kan

Bí ẹ bá dé Jápárà n'Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹ ní tíṣà Nọ́fíù lẹ̀ ń wá, wọ́n lè bi yín pé Nọ́fíù wo. Ṣùgbọ́n ẹ pe Ọ̀kan-Ṣoṣo, ọmọdé á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ wọn, kì í sì í wọ kíláàsì kó má na ìka kan sókè.

"Ẹ fẹ́ mọ ohun tó fa nǹkan? Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà. Ìyókù, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá yí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́."

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ọkùnrin yìí gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì méjì, ó gbé ọ̀kan sóòrùn, ó gbé ìkejì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bomi rin wọ́n bákan náà, títí ìyàwó rẹ̀ fi ní kó yan ọ̀kan nínú òun àti ẹ̀wà. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má gbọ́ tàwọn ẹlẹ́yà. Kì í na ọmọ ọlọ́mọ, ó sì fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ débi pé ojú máa ń ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a.

Gàárì ni ìyá rẹ̀, Abibat, ń ṣe. Gàárì Ìjẹ̀bú gidi ni, èyí tí èèyàn á da omi tútù sí tí yóò kan dé gbòǹgbò eyín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá rà á. Ṣùgbọ́n orúnkún ti ń yọ ìyá lẹ́nu, ó sì ti sọ pé Ọ̀rẹ́dọlá, ìyàwó Nọ́fíù, lòun máa fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Inú ọmọbìnrin náà dùn kọjá sísọ. Ọmọ Ìlapòrú ni, kékeré ló wà tí ìyá tirẹ̀ ti kú, kò sì sẹ́ni tó fi nǹkan lé e lọ́wọ́ rí.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gàárì Ọ̀rẹ́dọlá kì í kan. Èyí àkọ́kọ́, ìyá ní kò burú. Ìkejì, ó fajú ro. Ìkẹta, ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó sì tu ú sílẹ̀.

"Kín rè é? Gàárì rè é àbí iyẹ̀pẹ̀? Ọwọ́ wẹ éè gba ùṣẹ́ yí, ìyàwó."

Ó ní tí èyí tó ń bọ̀ ò bá kan, òun á ránṣẹ́ pe Afeezat, ọmọ àbúrò òun, kó wá gba iṣẹ́ náà. Ọ̀rẹ́dọlá palẹ̀ gàárì náà mọ́. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé oyún rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni Nọ́fíù bá a.

"Tíṣà, ṣé ọwọ́ èèyàn lè burú lóòótọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Nọ́fíù lákínyẹmí ara. Ó lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dán ọwọ́ nìkan wò. Ẹ̀gẹ́ oko Mámù kan náà, omi kànga kan náà, ẹ̀rọ kan náà la ó fi lọ̀ ọ́. Ẹ di tiyín, kó di tirẹ̀, kí àpò méjèèjì jókòó síwájú yàrá yín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí wọ́n á fi kan. Èmi náà ò ní fọwọ́ kàn wọ́n."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló pe ùwọ sí gàárì tẹ́lẹ̀?"

Nọ́fíù náà rẹ́rìn-ín, kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, tí wọ́n fún omi inú àpò méjèèjì, tí wọ́n sì yan gàárì náà tán, Nọ́fíù fi ìborùn di ìyá rẹ̀ lójú, ó gbé abọ́ méjì síwájú rẹ̀. Ìyá tọ́ ti àkọ́kọ́ wò, ó ní ó kan, àmọ́ kì í ṣe tòun. Ó tọ́ ìkejì wò, ó pariwo.

"Tèmi rè é! Ó ń ta mí léyín!"

Nọ́fíù tú ìborùn. Abọ́ Ọ̀rẹ́dọlá ni ìyá gbé dání. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún ayọ̀. Ṣùgbọ́n Abibat kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tètè borí.

"Ojú mi tó wà lára rẹ̀ ló jẹ́ kó kan," ló wí. "Kó gbé àpò mìíràn lọ sẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣe é, ká wò ó."

Ọkàn Nọ́fíù pàápàá ò balẹ̀. Tí kì í bá ṣe ọwọ́, kí wá ni? Ẹ̀gẹ́ kọ́, omi kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Ọ̀rẹ́dọlá gbé àpò náà síbẹ̀, Nọ́fíù ṣì ń rò ó nígbà tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáhì, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Abẹ́ jáàkì tí wọ́n fi ń fún omi gàárì ni Ọ̀rẹ́dọlá máa ń tẹ́ àpò tirẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Kí Nọ́fíù tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti di irin jáàkì mú, ó ti yí i.

Ó dúró gbagidi, irin lọ́wọ́.

Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lóyún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Á yí i díẹ̀, kí fífún rẹ̀ lè fúyẹ́ fún un tó bá yá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé nǹkan tí èèyàn ń sọ nìyẹn? Ìyá rẹ̀ kì í fi jáàkì kan gàárì tirẹ̀ títí yóò fi kan tán. Òun sì ti ń fún omi inú àpò ìyàwó rẹ̀ dànù kó tó ráyè kan. Ó ti wádìí omi, ó ti wádìí àpò, ó gbàgbé láti ka ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó lè tú jáàkì náà kó panu mọ́. Gàárì á kan, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ́dọlá á máa rò títí ayé pé ọwọ́ òun ti burú rí. Ó pe àwọn méjèèjì.

"Ìyá, èmi ni," ló wí, ó sì rò ó fún wọn.

Ìyá ò gbà. Nọ́fíù bá pín àpò náà sí méjì níṣojú rẹ̀: ó ń yí jáàkì lé ọ̀kan láràárọ̀, ó fi ìkejì sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n yan wọ́n, èyí tó ń yí ò kan rárá. Ìkejì ń ta wọ́n léyín.

Ọ̀rẹ́dọlá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Lójoojúmọ́ lẹ̀ ń yí i?"

"Lójoojúmọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!" Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè bínú.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka tú gàárì tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ká.

"Baba wẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, éè fọwọ́ kan jáàkì mi rí. Mo lóyún wẹ, mo tún pọn àbúrò wẹ, èmi nìkan ni. Ìyẹn ni gàárì mi ṣe ń kan, tí wọ́n ń yìn mí káàkiri."

Ìyá dìde lórí àpótí tó fi ń jókòó sídìí iná, ó fa Ọ̀rẹ́dọlá jókòó síbẹ̀, ó sì fi igbá tí wọ́n fi ń yan gàárì lé e lọ́wọ́.

"Tìẹ rè é," ló wí. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ùwọ, má fọwọ́ kan jáàkì mọ́. Tó o bá fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́, omi wà ní kànga."

Nọ́fíù gbé korobá. Ìkòkò ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọnmi kún.