Ibi tí Títì Ti Bẹ̀rẹ̀

O ò ní gbà mí gbọ́, mo ti mọ̀ kí n tó la ẹnu, pé ìlà tín-ín-rín kan nínú kọ̀ǹpútà ló kù díẹ̀ kó gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n fara balẹ̀ ná. Yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè máa ń rùn: èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, bébà máàpù tí òjò ti rin ń bu nínú igun, ẹja yíyan tí ọ̀gá wa máa ń gbé bọ̀ láti Mákùn-Omi, ìlú rẹ̀ létí omi, sì ń fi òórùn tirẹ̀ borí gbogbo rẹ̀. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: ọ̀gá, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, àti ẹnìkejì mi, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, tó gbà pé Ọlọ́run ti dá Àgọ́ tán kó tó rántí àwọn ìlú yòókù.

Wọ́n fẹ́ gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ títì tó so Àgọ́ àti Igbó pọ̀. Kíyè sí i pé mi ò sọ pé títì náà ti ibì kan lọ sí ibì kan. Wàá rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ní kí gọ́tà wà, ní mítà mẹ́jọ sí àárín ọ̀nà. Títì náà sì lọ́ bí ejò. Láti máa fi ọwọ́ fa ìlà tí yóò bá a lọ́ ní gbogbo kọ́nà, iṣẹ́ ìyà ni. Ni mo bá jókòó, mo kọ àwọn àṣẹ díẹ̀ fún kọ̀ǹpútà: mú ìlà títì, ṣe ẹ̀dà rẹ̀, sún ẹ̀dà náà sí ọwọ́ òsì ní mítà mẹ́jọ. Bọ́tìnnì kan péré, gọ́tà yọ. Lọ́jọ́ náà mo rìn yí yàrá ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Ṣùgbọ́n títì fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà, ibẹ̀ ni ìjà sì ti dé.

"Àgọ́ la ó ti bẹ̀rẹ̀," ni ẹnìkejì mi wí.

"Àgọ́ báwo? Igbó ni títì ti ń bọ̀."

"Ó ti Igbó sá wá síbí ni. Ìwọ náà ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó gbà fún èkejì. Òun bẹ̀rẹ̀ láti Àgọ́, èmi bẹ̀rẹ̀ láti Igbó, a sì pàdé ní Òrù, ìlú tó wà láàárín méjèèjì, bí àgbò méjì. A tẹ bọ́tìnnì, a tẹ apá tirẹ̀ sórí bébà kan, tèmi sórí òmíràn. Méjèèjì dára lójú. Ọ̀gá gbé ọ̀dà pupa lé wa lọ́wọ́ pé kí a lọ sàmì sí gbogbo ohun tí gọ́tà bá máa kàn.

Nínú bébà tèmi, gọ́tà gba orí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan kọjá, kété tí a bá kúrò ní Òrù. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ilé náà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí í wọ ṣòkòtò tó gún régé àní láàárín ilé. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni mo fẹ́ fẹ́. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ará ilé mi fẹ́ wá tọrọ rẹ̀.

Bàbá náà jókòó síta nígbà tí mo dé. Ó wo ọ̀dà, ó wò mí.

"Ṣé ìwọ ni ò ń bọ̀ ní Sátidé?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ni o fẹ́ fi ìyẹn ṣe sí òpó mi?"

Mo ṣàlàyé, mo sì na bébà sí i. Kò gbà á.

"Kùn ún. Tí o bá kùn ún tán, sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu."

Mo kùn ún. Àṣẹ tí mo fọwọ́ ara mi kọ, ta ni èmi tí n ó pè é nírọ́?

Nígbà tí mo padà dé yàrá wa, tí a to bébà méjèèjì pọ̀ sórí tábìlì, ni mo tó rí i. Gọ́tà ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láti Àgọ́. Bó ti dé Òrù, ó fo títì kọjá sí òdìkejì bí ewúrẹ́ tó rí ọkọ̀ akẹ́rù. Kọ̀ǹpútà ò jẹ̀bi. Ibi tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ìlà ló ń kọ ẹ̀yìn sí. Ọwọ́ òsì ẹni tó bá ń rìn bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ ní òsì. Àwa méjì sì ń rìn bọ̀ wá pàdé ara wa.

Ọ̀gá bu ẹja sẹ́nu. "Kí ọ̀kan nínú yín yí ìlà rẹ̀ padà kí n tó jẹun tán. Ẹ̀yin ará òkè yìí. Omi ni títì tiwa, a kì í bi í níbi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Bí ẹnìkejì mi bá yí tirẹ̀, òpó lọ, ọmọ lọ. Bí mo bá yí tèmi, gọ́tà á bọ́ sí òdìkejì, níbi tí ọgbà kòkó àtijọ́ wà, àmọ́ máàpù á máa sọ títí ayé pé Àgọ́ ni títì ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún ohùn ṣe, mo ní n ó yí tèmi, pé ilé kò pọ̀ ní apá ibẹ̀, pé iṣẹ́ ni mo rò.

"Iṣẹ́," ni ẹnìkejì mi wí. "Ó dáa. Níbo ni títì ti bẹ̀rẹ̀?"

"Àgọ́."

"Àgọ́ wo?"

"Àgọ́-Ìwòyè. Jẹ́ kí n tẹ bọ́tìnnì."

Ọ̀pọ̀ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ láti ìgbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún mi pé nǹkan wà lọ́wọ́ òsì, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Níbo lo kọjú sí?" Ó ti yọ mí nínú àríyànjiyàn tó pọ̀, pàápàá láàárín ilé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé àkísà àti kẹrosíìnì, mo lọ ń fọ òpó. Bàbá fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó ń wò, mo sì ń ro ìjà tí a jà lórí títì fún un.

"Níbo lẹ wá fi ìbẹ̀rẹ̀ títì sí?"

"Àgọ́ ni, sà."

"Òrù níbí ni títì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ló ní. Ọ̀kan ya sọ́dọ̀ yín, ọ̀kan ya sọ́dọ̀ wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí, mo ń fọ òpó lọ.

Ó na ọ̀pá sí ìdí òpó. "Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn ò tíì mọ́. Kó mọ́ dáadáa, kí àwọn ará ilé rẹ tó dé ní Sátidé."