Lẹ́tà Tí Mo Bá Àwọn Ìyá Àsàlátù Kọ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń pè mí ní aago méjìlá ààbọ̀, nígbà tí mo bá jáde fún oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́. Màá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ọ́fíìsì, màá gbé fóònù létí, màá sì máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ń dá gbé nínú yàrá kan ní àdúgbò Rogers Park nílẹ̀ òyìnbó níbí, oògùn olóró sì ti di bárakú fún un. Àdéhùn àwa méjèèjì ni pé kò ní dá a lò láé. Á ní, "Mo ti fẹ́ ṣe é o." Lẹ́yìn náà, màá máa bi í léraléra pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Bó bá ti dáhùn, kó kàn ní "hẹn" lásán, ọkàn mi á balẹ̀. Bí kò bá dáhùn, èmi ni màá pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn, màá sì sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Ẹrù gbígbé níbi iṣẹ́ ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí dókítà dá oògùn ara ríro tó ń fún un dúró, ara rẹ̀ ṣì ń bèèrè rẹ̀, ó sì wá òmíràn lọ sí ìgboro. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Màmá wa rò pé àìníyàwó ló jẹ́ kó rù.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe ń rí lára mi, torí ẹni tó bá ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí lè rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé láti aago mọ́kànlá ni mo ti máa ń wo fóònù. Àmọ́ mo tún ń bínú sí i. Ìbínú náà ń tì mí lójú, ìtìjú náà ló sì tún ń bí mi nínú.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán lọ́dún náà, a gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ ṣí ilé kan sí òpópónà mọ́ṣáláṣí wa, níbi tí àwọn tó ń lo oògùn olóró á ti máa lò ó níṣojú nọ́ọ̀sì, kí wọ́n má baà kú, kí ẹni tó bá sì fẹ́ ìtọ́jú lè ti ibẹ̀ rí i gbà. Aṣojú àdúgbò ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ èrò rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ dé àsàlátù ọjọ́ Àìkú.

"Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kẹ̀?" Alága àwọn ìyá pariwo. "Kí wọ́n kúkú tẹ́ tábìlì fún wọn, kí wọ́n po tíì."

Ìyá tó jókòó tì í ní, "Kí nọ́ọ̀sì wá bi wọ́n pé ṣúgà mélòó."

Màmá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ló rẹ́rìn-ín jù. Alága yíjú sí mi. "Ìwọ lo kàwé ìlera. Bá wa kọ ọ́ pé a ò fẹ́. Kó gbóná o, my dear."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mi ò lè sọ pé wọ́n fipá mú mi. Láti ìgbà tí mo ti gboyè, àga títò nìkan ni wọ́n ti ń rán mi.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ tutù, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó tutù ni. Alága fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Kò ta. Jẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á rí wọn." Mo bá jẹ́ kí wọ́n rí wọn. Mo kọ nípa ọkùnrin kan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, tó há ìkejì sí abíyá, tí búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ. Ó kọlu garawa ìdọ̀tí, ó sì tẹríba fún un, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ má bínú, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni mo lọ mú un wálé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo sọ ọ́ fún un, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo tan ara mi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n nínú ìwé.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, ọkọ̀ màmá mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ̀gbọ́n mi ló sì gbé e wá. Ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Alága ń ka lẹ́tà náà sókè, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé ibi garawa, ilé dàrú.

"Ó ń bẹ garawa!"

"Ṣé garawa ọ̀hún tiẹ̀ dárí jì í?"

Màmá mi fi ìbòrí nu ojú. "Ìyá tó bí irú èyí mà ń jìyà o. Bó bá ṣe èmi ni, màá ti sọ fún gbogbo ayé pé ó ti kú."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Kò rín in ní kọ̀rọ̀. Ó la ẹnu bíi tàwọn yòókù. Nígbà tí ìwé ìbuwọ́lùwé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gba bíírò, ó sì buwọ́ lù ú.

Nínú ọkọ̀, màmá wa ní, "Ṣé o gbọ́ bí àbúrò rẹ ṣe kọ̀wé?"

"Mo gbọ́, mà," ló fèsì. "Ó mọ̀ ọ́n kọ."

Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò pè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò pè. Mo pè é títí, kò gbé e. Ní Ọjọ́rú, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní aago méjìlá ààbọ̀, mo sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti tì í pa.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ wà láàyè ni."

"O ti mọ̀. Padà síbi iṣẹ́ rẹ."

"Ta ló ń bá yín dúró lórí fóònù báyìí?"

"Kò sí. Ṣebí gbogbo wa la buwọ́ lù ú pé kí ẹnì kankan má dúró."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé fún un pé ìyìn ló kó sí mi lórí, pé mi ò sùn láti ọjọ́ náà, pé mo lè lọ gba lẹ́tà náà padà, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ránṣẹ́. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn láti gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ṣeé ṣe kó rí òjìji ẹsẹ̀ mi lábẹ́ rẹ̀, torí mo gbọ́ tó dìde, tó sì ṣí omi ẹ̀rọ pátápátá, kí n má baà gbọ́ nǹkan kan.

Omi náà ń ya títí àkókò oúnjẹ mi fi tán. Mo padà síbi iṣẹ́.